Zobo, aáyù, ewúro, jínjà: èwo ni ká mú, fún àìsàn wo?

Lọ́jọ́ kan, ìyá kan wọ ṣọ́ọ̀bù oògùn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn, ó sì da ohun tó wà nínú ọ̀rá ọwọ́ rẹ̀ sórí káńtà. Ohun mẹ́rin ló jáde: ike zobo kan, orí aáyù mẹ́ta, páálí amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tó ti lò dé ìdajì, àti ìgò àgbo kan tí kò ní orúkọ kankan lára. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta nìyí tí òyì ti ń kọ́ òun, àgàgà tí òun bá ń dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀. Ó wá bi mí pé, "Ọmọ mi, èwo ni kí n máa mu nínú wọn, èwo ni kí n fi sílẹ̀?"

Ìbéèrè gidi ni, kò sì ṣeé dáhùn tán lórí ìdúró. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe jókòó kọ ìfiwéra yìí, fún òun àti fún gbogbo ilé tí ewé àti oògùn òyìnbó ti jọ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan.

Kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí. Ilé tí wọ́n ti ń fọ ewúro ni wọ́n ti tọ́ mi, àgbo sì ni ìyá ìyá mi fi wẹ̀ mí. Iṣẹ́ apòògùn ni mo wá kọ́, mo sì rí i pé ọ̀pọ̀ oògùn tó lágbára lórí pẹpẹ wa, inú igi àti ewéko ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Oje èso poppy ni wọ́n ti yọ morphine. Èròjà kan nínú èèpo igi willow ló ṣíná fún aspirin. Quinine tí Pelletier àti Caventou yọ jáde ní Paris ní 1820, èèpo igi òkè Andes ni. Ẹni tó bá ní ewé ò ṣiṣẹ́, kò mọ oògùn. Ẹni tó bá sì ní torí pé ewé ni, kò lè pani lára, kò mọ ewé.

Ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń bi ewé kí n tó fi wé òmíràn. Èròjà wo ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀? Ìwọ̀n rẹ̀ ńkọ́? Ara ta ni wọ́n ti dán an wò: nínú ife láàbù, lára eku, àbí lára ènìyàn? Ìbéèrè kẹta yìí ni àwọn tó ń polówó ewé kì í fẹ́ ká bi wọ́n. Ohun tó lè pa kòkòrò nínú ife láàbù pọ̀ lọ jàra. Ọṣẹ ń pa á, omi gbígbóná ń pa á. Inú ènìyàn kì í ṣe ife. Ikùn á kọ́kọ́ lọ ohun tí a gbé mì, ẹ̀dọ̀ á tú u ká, òmíràn á bá ìgbẹ́ lọ, ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́ kù ló máa dénú ẹ̀jẹ̀.

Zobo tàbí aáyù, fún ẹ̀jẹ̀ ríru

Zobo ni mo máa fi síwájú. Ìṣápá pupa ni, ọmọ ìyá ìṣápá funfun tí a fi ń se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Èròjà tó fún un ní àwọ̀ pupa yẹn, anthocyanin, wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ gbà pé ó ń dẹ iṣan ẹ̀jẹ̀. Ní 2010, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Tufts ní Amẹ́ríkà tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí ènìyàn 65 tí ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń ru díẹ̀díẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọn ò lo oògùn kankan fún un. Wọ́n pín wọn sọ́nà méjì. Apá kan ń mu ife tíì ìṣápá pupa mẹ́ta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wọ́n ń fún apá kejì ní ohun mímu mìíràn tó jọ ọ́ lẹ́nu. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, nọ́ńbà òkè lórí ẹ̀rọ BP ti fi 7 wálẹ̀ lára àwọn tó mu ìṣápá. Lára àwọn yòókù, ó lé díẹ̀ ní 1 péré.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n mu dáadáa. Báàgì tíì ni, tí wọ́n rẹ sínú omi gbígbóná. Kì í ṣe zobo ojú títì tí wọ́n ti rọ ṣúgà àti fílévọ̀ sí. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru tó ń mu zobo oníṣúgà ní ike méjì lójúmọ́, ńṣe ló ń fi ọwọ́ kan kọ́lé tó ń fi ìkejì wó o. Ẹ ra òdòdó gbígbẹ náà fúnra yín, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, ẹ fi jínjà sí i bó bá wù yín, ẹ mú ṣúgà kúrò. Ohun kan tún wà: iṣẹ́ kan tí wọ́n ṣe ní Sudan fi hàn pé tí ènìyàn bá fi irú zobo tiwọn, karkadi, mu chloroquine, oògùn náà kì í dénú ẹ̀jẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Omi lásán ni kí ẹ fi máa gbé oògùn mì.

Aáyù ní tirẹ̀ ní àṣírí kan tí mo fẹ́ kí ẹ fojú ara yín rí. Ẹ mú ẹyọ kan, ẹ gbé e sí imú láì bó o. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rùn. Ẹ wá fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀bẹ tẹ̀ ẹ́ fọ́ lórí pákó. Kí ẹ tó gbé ọ̀bẹ kúrò, òórùn rẹ̀ ti gba ilé ìdáná kan. Òórùn yẹn ni èròjà náà, allicin, tí Cavallito àti Bailey yọ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1944. Nínú aáyù tí ohunkóhun kò tíì fọ́, allicin kò tíì sí níbẹ̀. Ohun méjì tó máa pàdé kó tó dé wà ní yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìgbà tí ọ̀bẹ bá wó ògiri àárín wọn ni wọ́n ń pàdé. Iná sì máa ń pa ọ̀kan nínú wọn. Nítorí náà, ẹni tó ju odindi aáyù sínú omi híhó ti ba iṣẹ́ jẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ gún un, ẹ jẹ́ kó jókòó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó tó kan iná.

Wọ́n ti dán aáyù wò lára ènìyàn náà, ó sì ń mú BP àwọn tí tiwọn ga wálẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n páùdà inú kápúsù, tàbí aáyù tí wọ́n rẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ni wọ́n fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ìdánwò wọ̀nyẹn. Aáyù inú ọjà, ẹyọ kan á tóbi bí àtàǹpàkò, èkejì á dà bí ẹ̀pà. Kò sí bí a ṣe lè fi ẹyọ ka ìwọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni aáyù kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó má sọ aáyù di oògùn. Ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ kó jáwọ́ nínú kápúsù aáyù ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kó sì sọ fún dókítà pé òun ń lò ó tẹ́lẹ̀.

Bí mo ṣe máa yàn án nìyí. Ẹni tí BP rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú, tí dókítà kò tíì kọ oògùn fún: zobo tí kò ní ṣúgà, kó sì máa lọ wọn BP. Ẹni tó ti ń lo oògùn: aáyù inú ọbẹ̀, zobo lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó má sì tìtorí èyíkéyìí nínú méjèèjì fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀. Mo mọ ọkùnrin kan tó fi í sílẹ̀ fún oṣù méjì nítorí pé ara rẹ̀ ń le. Apá òsì rẹ̀ kò tíì gbé nǹkan títí dòní.

Ewúro tàbí efinrin

Orí àtẹ kan náà ni wọ́n wà, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ ewúro, ọ̀tọ̀ ni ti efinrin.

Ìhó tó máa ń yọ bí ìhó ọṣẹ nígbà tí a bá ń fọ ewúro, saponin ni. Ìkorò rẹ̀ wá látara àwọn èròjà mìíràn, bíi vernodalin. Ẹni tó bá fọ̀ ọ́ ní omi mẹ́ta, mẹ́rin, títí kò fi korò mọ́, ọbẹ̀ dídùn ló ń wá, ọwọ́ rẹ̀ á sì bà á. Àmọ́ kó má pè é ní oògùn, nítorí èyí tó pọ̀ nínú oògùn náà ti bá omi lọ.

Ìtàn kan wà nípa ewúro tí n kì í lè má sọ. Ní 1987, ní òkè Mahale ní Tanzania, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Michael Huffman ń tẹ̀ lé abo ìnàkí kan tí ara rẹ̀ kò yá. Mohamedi Seifu Kalunde, ọmọ ilẹ̀ náà tó mọ ewé dunjú, wà pẹ̀lú rẹ̀. Ìnàkí yìí lọ sídìí igi ewúro, ó ṣẹ́ ẹ̀ka kan, ó ya ewé rẹ̀ dànù, ó bó èèpo rẹ̀ dànù, ó wá ń rún àárín ọ̀pá náà, ó ń fa omi kíkorò rẹ̀ mu. Nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, ó ti ń jẹun. Àwọn onímọ̀ náà tún yẹ ìgbẹ́ ìnàkí tó ṣe bẹ́ẹ̀ wò lẹ́yìn náà, wọ́n rí i pé ẹyin aràn tó wà nínú rẹ̀ dín kù. Àwọn Tongwe, tó ni ilẹ̀ yẹn, ń fi igi kan náà wo inú rírun àti aràn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú ìtàn yìí ni ewé tí ìnàkí dà nù. Inú ewé ni èròjà tó le jù wà, ẹranko sì mọ ibi tó yẹ kí òun dúró.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń mu omi ewúro nítorí àtọ̀gbẹ. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kẹta: lára ta? Lára eku ni wọ́n ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, ó sì mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ eku wálẹ̀ lóòótọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ẹni tó ti gbé glibenclamide, oògùn àtọ̀gbẹ, mì, tàbí tó ti gba abẹ́rẹ́ insulin, tó tún da ife ewúro tútù kan sí ikùn òfìfo, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ kọjá ààlà: á máa làágùn, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, ó lè dákú. Ẹ jẹ ewúro lọ́bẹ̀ bó ṣe wù yín. Ẹni tó bá fẹ́ máa mu omi rẹ̀ bí oògùn gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà nílé, kó sì jẹ́ kí dókítà rẹ̀ mọ̀.

Efinrin ò le tó bẹ́ẹ̀. Òróró inú ewé rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, thymol ló sì sábà máa ń pọ̀ nínú efinrin tiwa. Thymol yìí náà wà nínú oògùn tí a fi ń ṣan ẹnu. Láti 1969 ni àwọn onímọ̀ tí Abayomi Sofowora wà lára wọn ti tẹ iṣẹ́ jáde lórí efinrin àti bí a ṣe ń lò ó fún inú ṣíṣu ní Nàìjíríà. Efinrin náà sì pé oríṣi. Ẹ fi ọwọ́ ra ewé rẹ̀: tó bá ń ta sánsán bíi kànáfùrù, eugenol ló pọ̀ nínú tirẹ̀, kì í ṣe thymol. Fún inú tó kún tàbí inú tó ń run díẹ̀díẹ̀ lára àgbàlagbà, efinrin ni mo máa mú, mi ò ní mú ewúro. Ọmọdé tó ń yàgbẹ́ ọ̀rìn kò sí nínú ìyẹn. Omi tó ń jáde lára rẹ̀ ló ń pa á, ORS àti zinc ló sì ń gbà á là. Ẹ má fi efinrin dá ọmọ dúró nílé di ọjọ́ kejì.

Jínjà tàbí ata ilẹ̀ pupa

Ariwo tí wọ́n ń pa lórí ata ilẹ̀ pupa (turmeric) lórí ẹ̀rọ ayélujára pọ̀ ju ti jínjà lọ. Ti èmi, jínjà ni mo máa mú, mi ò sì ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Gingerol ló ń ta ahọ́n nínú jínjà tútù. Tí a bá sá a gbẹ, díẹ̀ nínú rẹ̀ á di shogaol, tó ta jù ú lọ. Ìdí nìyẹn tí jínjà gbígbẹ fi máa ń jó lọ́nà ọ̀fun. Wọ́n ti dán an wò lára àwọn aboyún tí èébì ń dà láàmú, ó sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń lò jẹ́ bíi gíráàmù kan páùdà jínjà lójúmọ́, tí wọ́n pín sọ́nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Gíráàmù kan kéré: bí ìdajì ṣíbí tíì kan ni. Àwọn tó ń gún odindi gbòǹgbò sínú ife kan fún aboyún ti fò kọjá ibi tí ẹ̀rí wà.

Ata ilẹ̀ pupa ní curcumin. Nínú páùdà rẹ̀, curcumin kì í sábà ju bíi ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ara sì ń lé èyí tó bá dé ikùn jáde kíákíá. Ní 1998, àwọn onímọ̀ ní Bangalore ní Íńdíà fún àwọn ènìyàn ní gíráàmù méjì curcumin pẹ̀lú 20 mg piperine, èròjà tó ń ta nínú ata dúdú. Èyí tó dénú ẹ̀jẹ̀ fò sókè ní bí ìlọ́po 20. Piperine kan náà wà nínú iyèré wa. Nítorí náà ẹni tó ń fi iyèré sí ọbẹ̀ tó ní ata ilẹ̀ pupa mọ ohun tó ń ṣe, yálà ẹnì kan sọ fún un tàbí kò sọ. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣí ilẹ̀kùn fún curcumin lè ṣí i fún oògùn mìíràn tí ẹ jọ gbé mì, kí ìwọ̀n tiwọn náà fò sókè. Wọ́n sì ti rí àwọn ènìyàn ní Amẹ́ríkà tí kápúsù ata ilẹ̀ pupa oníata ba ẹ̀dọ̀ wọn jẹ́. Nínú ọbẹ̀, kò sí wàhálà. Nínú kápúsù, ẹ máa wo ojú yín: tí ó bá ń pọ́n bí ìyeyè, ẹ dá a dúró, kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.

Dóńgóyárò tàbí ACT, fún ibà

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, n kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: ACT ni, oògùn ibà alápapọ̀ tí artemisinin wà nínú rẹ̀. Láti 2005 ni ìjọba Nàìjíríà ti fi í rọ́pò chloroquine fún ibà. Ẹni tó bá rò pé mo ń fi ewé sílẹ̀ gba oògùn òyìnbó kó ní sùúrù, nítorí ewé ni ACT pẹ̀lú.

Ní 1967, ìjọba Ṣáínà kó àwọn onímọ̀ jọ kí wọ́n wá oògùn ibà. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Tu Youyou ń tú àwọn ìwé ìṣègùn àtijọ́ wò. Wọ́n ti ń gbìyànjú ewé kan tó ń jẹ́ qinghao, ṣùgbọ́n bó bá ṣiṣẹ́ lónìí, kì í ṣiṣẹ́ lọ́la. Ìgbà tó ka ìwé Ge Hong, tó ti lé ní 1,600 ọdún, ni ojú rẹ̀ là. Ge Hong ní kí wọ́n rẹ ẹ̀kúnwọ́ qinghao kan sínú omi, kí wọ́n fún un, kí wọ́n mu oje rẹ̀. Kò sọ pé kí wọ́n sè é. Ó wá yé Tu Youyou pé iná ló ń pa èròjà náà, èyí tí a mọ̀ sí artemisinin lónìí. Ó lo ether, tó ń hó nínú ooru tí kò ju ti ara wa lọ, láti fi yọ ọ́. Ní October 1971, èyí tí wọ́n fi nọ́ńbà 191 sàmì sí pa gbogbo kòkòrò ibà lára eku. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ mu ún fúnra wọn kí wọ́n tó fún aláìsàn. Ní 2015, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel.

Ẹ wá wo ìkòkò àgbo tiwa, tó ń hó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Èròjà tí kò fẹ́ iná, kí ló máa kù nínú rẹ̀? Dóńgóyárò, tí ó ti Íńdíà wá, ní èròjà bíi gedunin tó ń pa kòkòrò ibà nínú láàbù. Ohun tó yọ qinghao kúrò lára ewé, tó sọ ọ́ di oògùn, ni ìwọ̀n tí kì í yí padà àti ìdánwò lára ọ̀pọ̀ aláìsàn, dóńgóyárò kò sì tíì dé ibẹ̀. Kódà tíì qinghao fúnra rẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a má fi wo ibà, torí ìwọ̀n inú ife kan kì í bá ti èkejì dọ́gba, ìwọ̀n tí kò tó sì ń kọ́ kòkòrò ibà bó ṣe máa borí oògùn. Ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ẹ lo ACT pé ọjọ́ mẹ́ta, kódà bí ara bá ti fúyẹ́ lọ́jọ́ kejì. Òróró dóńgóyárò kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu ọmọ ọwọ́ láé. Ní Malaysia, àwọn dókítà ròyìn àwọn ọmọ ọwọ́ tí wọ́n fún mu, tí èébì àti gìrì sì gbé.

Hóró ìbẹ́pẹ tàbí oògùn aràn, orógbó

Ìwọ̀nyí ò gba àkókò. Ní 2007, àwọn dókítà n'Ilé-Ifẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn ọmọ 60 tí aràn wà nínú ìgbẹ́ wọn. Wọ́n fún 30 ní hóró ìbẹ́pẹ gbígbẹ lílọ̀ tí wọ́n pò mọ́ oyin, wọ́n fún 30 yòókù ní oyin lásán. Aràn tán nínú ìgbẹ́ ọmọ 23 ní apá kìíní, ó tán nínú ti ọmọ 5 ní apá kejì. Iṣẹ́ ilé wa ni, inú mi sì máa ń dùn tí mo bá ń sọ ọ́. Síbẹ̀, albendazole kan ṣoṣo ni mo máa fún ọmọ mi, torí ọmọ 60 kéré, ìwọ̀n oògùn náà sì dájú. Níbi tí albendazole kò bá sí, mo mọ ohun tí màá lọ̀.

Ní ti orógbó: ní 1999, Ọ̀jọ̀gbọ́n Maurice Iwu sọ níbi àpérò àwọn onímọ̀ ewéko ní St. Louis ní Amẹ́ríkà pé èròjà inú orógbó dá kòkòrò Ebola dúró nínú láàbù. Nígbà tí Ebola wá dé Èkó ní 2014, àwọn ènìyàn ń jẹ orógbó kiri. Ọ̀rọ̀ inú ife láàbù ni wọ́n gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ara ènìyàn. Ohun tó lé Ebola lọ ni pé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá gbogbo ẹni tó fara kan aláìsàn rí, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn. Ẹ jẹ orógbó yín, ẹ fi gba àlejò. Ẹ má fi ṣe apata.

Ọsàn tàbí gíréèpù

Ẹni tó ń lo oògùn lójoojúmọ́ kó ka apá yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ọsàn dídùn tí a ń bó mu kì í sábà dí oògùn lọ́wọ́. Gíréèpù yàtọ̀. Èèṣì ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n: ní Kánádà, lọ́wọ́ ìparí àwọn ọdún 1980, David Bailey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wádìí bí ọtí ṣe ń ṣe felodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan. Wọ́n fi omi gíréèpù bo adùn ọtí náà kí àwọn tó ń mu ún má bàa mọ̀. Ńṣe ni oògùn náà ga nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ju bó ti yẹ lọ, àti àwọn tó mu ọtí àti àwọn tí kò mu. Gíréèpù ló ṣe é. Èròjà inú rẹ̀ kan, bergamottin àti àwọn ìbátan rẹ̀, ń ti ilẹ̀kùn mọ́ òṣìṣẹ́ kan nínú ìfun tó máa ń gé oògùn kù kó tó wọnú ẹ̀jẹ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì kan á wá ṣiṣẹ́ bíi méjì, mẹ́ta. Ó sì lè tó ọjọ́ kan sí mẹ́ta kí ó tó kúrò, nítorí náà kò ràn án pé ká mu gíréèpù láàárọ̀ ká gbé oògùn mì lálẹ́. Felodipine, nifedipine, simvastatin: ẹni tó ń lo ọ̀kan nínú wọn, kó fi gíréèpù sílẹ̀ fún ọmọ, kó mu ọsàn.

Ìgò tí kò ní orúkọ

Mo ti dáhùn mẹ́ta nínú mẹ́rin tí Màmá gbé wá. Ó ku ìgò àgbo.

N kò bá àgbo jà. Nípa àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, ilé ìwádìí oògùn ìjọba l'Ábújá, NIPRD, gba àgbo ìbílẹ̀ Yorùbá kan, ó wádìí rẹ̀, ó sì sọ ọ́ di Niprisan. Iyèré, osùn, kànáfùrù àti ọkà bàbà ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n mọ ewé tó wà níbẹ̀, wọ́n mọ ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n dán an wò lára aláìsàn, ìrora wọn sì dín kù. Ti ìgò orí káńtà yìí, kò sí ẹni tó lè fi í wé nǹkan kan, torí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo bẹ Màmá pé kó má mu ún lọ́jọ́ yẹn, kó padà lọ bá elewé-ọmọ tó tà á fún un, kó bá mi bèèrè orúkọ gbogbo ewé inú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ó mú ìwé pélébé kan wá. Márùn-ún ni: ewúro, ewé gúáfà, àlùbọ́sà eléwé, èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó, gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ.

Asofẹ́yẹjẹ. Orúkọ tó dùn létí, igi tó ń so fún ẹyẹ jẹ. Gbòǹgbò rẹ̀ ní reserpine, èròjà kan náà tí àwọn onímọ̀ Switzerland yọ jáde ní 1952 lára ìbátan rẹ̀ tó wà ní Íńdíà, tó di ọ̀kan lára àwọn oògùn àkọ́kọ́ fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti fún wèrè. Àwọn oníṣègùn wa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́: ní 1960, Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ ní Àrò l'Abẹ́òkúta, tẹ àpilẹ̀kọ jáde lórí bí wọ́n ṣe ń fi í tọ́jú wèrè ní Nàìjíríà. Nínú gbogbo ewé tí mo ti dárúkọ, òun ló jẹ́ oògùn jù, òun ni mo sì bẹ̀rù jù. Ìwọ̀n tábúlẹ́ẹ̀tì reserpine tí wọ́n ń fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru kì í sábà ju 0.25 mg lọ lójúmọ́. Ẹ mú gíráàmù kan, ẹ pín in sọ́nà ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, ẹ mú ẹyọ kan níbẹ̀. Kò sí ìkòkò tó lè wọn ìyẹn. Tó bá pọ̀ jù, BP á já, ọkàn á máa lù wọ́ọ́rọ́, ìbànújẹ́ tí kò nídìí lè bo ènìyàn mọ́lẹ̀. Òyì nígbà tí ènìyàn bá dìde wà lára àmì rẹ̀.

Mo ní kí Màmá jókòó. Mo wọn BP rẹ̀, nọ́ńbà òkè jẹ́ 124. Mo ní kó dìde, mo dúró fún ìṣẹ́jú kan, mo tún wọ̀n ọ́n: 98. Ó di etí káńtà mú. Amlodipine àti asofẹ́yẹjẹ ni wọ́n jọ ń fà á sísàlẹ̀. Mo kọ ohun tí mo rí sẹ́yìn ìwé pélébé náà, mo ní kó gbé e lọ fún dókítà rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, àti òun àti ìgò.

Ó padà wá lọ́sẹ̀ kejì, òyì ti lọ. Ó ní òun ti lọ bá elewé-ọmọ náà, wọn ò sì jà. Obìnrin náà kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ti ń fi bírò kọ orúkọ ewé sára ìgò kí wọ́n tó tà á.